Ta Ni Ó Kọ Ọ́ Fún?

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ariwo ẹ̀rọ máa ń rọlẹ̀ díẹ̀ ní agbègbè ilé-iṣẹ́ ńláńlá tí ó ti Ìkẹjà lọ kan Agége. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tí ó máa ń tò lọ bẹẹrẹ ní òpópónà Ọba Akran kò ní pọ̀ mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ó máa ń sáré kí wọ́n má baà ti géètì mọ́ wọn síta yóò wà ní ilé wọn. Àsìkò náà gan-an ni ẹ óò rí àwọn obìnrin kan tí wọ́n ń jáde ní méjìméjì, ní mẹ́tamẹ́ta, pẹ̀lú aṣọ funfun àti ìborùn funfun. Àsàlátù ni wọ́n ń lọ. Púpọ̀ nínú wọn ni ó jẹ́ pé láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìdí ẹ̀rọ ni wọ́n ń dúró sí, tàbí ìdí igbá ọjà. Ọjọ́ Àìkú nìkan ni wọ́n ráyè jókòó kí ẹnì kan kọ́ wọn ní nǹkan.

Kéhìndé mi wà lára wọn. Ìbejì ni wá. Èmi ni Táíwò. Ẹ̀yin òǹkàwé mi mọ̀ pé nínú ìṣirò Yorùbá, ẹni tí ó kẹ́yìn dé ni ẹ̀gbọ́n. Òun ni ó rán Táíwò níṣẹ́ pé kí ó lọ tọ́ ayé wò, kí ó sì wá jábọ̀ bí ó bá dùn tàbí bí ó bá korò. Ẹkún tí Táíwò ké ni ìròyìn tí ó fi ránṣẹ́ padà. N óò padà sórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé òun ni ó wà nídìí ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, Kéhìndé ti àsàlátù dé, ó yà sí ilé mi. Ó ní oníwàásù àwọn dárúkọ obìnrin kan tí ó ń jẹ́ Nana Asma'u, ọmọ Shehu Usman dan Fodio ti Ṣókótó. Oníwàásù náà sọ pé obìnrin yìí fi èdè Lárúbáwá kọ ìwé ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Kéhìndé wá kọjú sí mi, ó bi mí ní ìbéèrè mẹ́ta. "Táyé, ìwọ tí o kàwé, ṣé òótọ́ ni? Kí ni ó kọ? Ta ni ó kọ ọ́ fún?"

Ìbéèrè kìn-ín-ní kò le. Mo ní òótọ́ ni. Èkejì náà, mo mọ̀ díẹ̀ nínú rẹ̀, mo sì sọ ọ́. Ẹ̀kẹta ni ó dá mi dúró. Láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń kọ̀wé, tí mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ bí wọn yóò ṣe máa kọ̀wé, n kò rántí ọjọ́ kan tí mo bi ara mi ní ìbéèrè náà ní tòótọ́. Ìdáhùn tí n kò lè fún un ní ọjọ́ náà ni mo ń wá nínú àròkọ yìí.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ìbí obìnrin náà. Ọdún 1793 ni wọ́n bí Asma'u ní ìlú Degel ní ilẹ̀ Gobir, èyí tí ó bọ́ sí ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà lónìí. Ìbejì ni òun náà. Ọkùnrin ni èkejì rẹ̀, Hassan ni wọ́n sì sọ ọ́. Bí Yorùbá ti ní orúkọ àmútọ̀runwá fún ìbejì, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn Háúsá ní in: bí ọkùnrin bá jẹ́ Hassan, obìnrin tí wọ́n jọ wáyé yóò jẹ́ Hussaina. Ṣùgbọ́n bàbá ọmọ yìí yà kúrò lójú ọ̀nà tí gbogbo èèyàn ń tọ̀. Ó sọ ọ́ ní Asma'u, orúkọ ọmọbìnrin Abubakar, ọ̀rẹ́ Ànábì. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn ẹ̀sìn Mùsùlùmí yóò rántí pé nígbà tí Ànábì àti Abubakar sá pamọ́ sínú ihò àpáta kí wọ́n tó kọjá lọ sí Mẹ̀dínà, tí àwọn ọ̀tá sì ń wá wọn kiri, Asma'u ti àkọ́kọ́ yẹn ni ó ń gbé oúnjẹ lọ fún wọn. Orúkọ obìnrin tí ó ń gbé oúnjẹ la ewu kọjá ni wọ́n fún ọmọ Degel yìí.

Ilé àwọn onímọ̀ ni wọ́n bí i sí, àwọn obìnrin ilé náà sì mọ̀wé. Bàbá rẹ̀ kì í ṣe ẹni tí ó gbà pé ọkùnrin nìkan ni ó ni ìmọ̀. Nínú ìwé rẹ̀ kan tí ó fi èdè Lárúbáwá kọ, Nur al-albab, ó bá àwọn onímọ̀ ìgbà ayé rẹ̀ wí gidigidi, nítorí pé wọ́n ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní tọ̀sán-tòru, wọ́n sì fi ìyàwó wọn, ọmọbìnrin wọn àti àwọn ẹrú inú ilé wọn sílẹ̀ nínú àìmọ̀kan. Ó ní bí ọkọ kò bá lè kọ́ aya rẹ̀ ní ohun tí ẹ̀sìn sọ di dandan, aya náà lẹ́tọ̀ọ́ láti jáde lọ wá ìmọ̀ náà níbi tí ó bá wà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ni èyí ní àsìkò náà. Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré lónìí náà, níbi tí a bá ti rí i kà.

Ní ọdún 1804, nígbà tí Asma'u jẹ́ nǹkan bí ọmọ ọdún mọ́kànlá, Shehu àti àwọn èèyàn rẹ̀ kó kúrò ní Degel. Ogun bẹ̀rẹ̀. Ọdún bíi mélòó kan ni wọ́n fi ń ti ibùdó bọ́ sí ibùdó kí wọ́n tó tẹ Ṣókótó dó ní ọdún 1809. Nínú rúkèrúdò yẹn ni ọmọbìnrin náà ti dàgbà, ni ó ti kàwé, ni ó sì ti lọ sí ilé ọkọ. Ọkọ rẹ̀, Gidado, ni ó wá di Waziri nígbà tí Shehu kú ní ọdún 1817 tí ẹ̀gbọ́n Asma'u, Muhammad Bello, sì gorí oyè. Nígbà tí Clapperton, òyìnbó arìnrìn-àjò, dé Ṣókótó ní ọdún 1824, ọ̀dọ̀ Gidado ni wọ́n ti tọ́jú rẹ̀. Asma'u bímọ, ó tọ́mọ, ó sì ń ṣe àbójútó agbo ilé ńlá. Nínú gbogbo èyí, kò gbé gègé sílẹ̀. Láti ọdún 1820 títí di àsìkò tí ó kú ní ọdún 1864, ó kọ iṣẹ́ tí ó lé ní ọgọ́ta. Èdè mẹ́ta ni ó fi kọ wọ́n: Lárúbáwá, Fúlàní àti Háúsá.

Kí ni ó kọ ní Lárúbáwá? Ní ọdún 1839, ó kọ ìwé kan tí ó pè ní Tabshir al-ikhwan, lórí àwọn àdúrà àti àwọn ẹsẹ Alùkùránì tí a fi ń wá ìwòsàn. Ó kọ ewì Lárúbáwá láti fi kí ọ̀mọ̀wé kan káàbọ̀, ẹni tí ó ti ilẹ̀ Mọriténíà wá. Nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Aisha, ìyàwó Muhammad Bello, kú, èdè Lárúbáwá ni ó fi dárò rẹ̀. Wọ́n ti jọ wà láti ìgbà èwe. Ẹni tí ó bá ka ewì náà yóò mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ àṣà lásán ni obìnrin yìí ń tò jọ. Àárò sọ ọ́ ní tòótọ́.

Ta ni ó kọ àwọn wọ̀nyí fún? Ìdáhùn ibẹ̀ kò fara sin. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó kọ wọ́n fún, àwọn tí ó mọ̀wé bíi tirẹ̀. Ní ayé ìgbà náà, Lárúbáwá ni èdè tí ọ̀mọ̀wé Ṣókótó àti ọ̀mọ̀wé Mọriténíà, Tìmbúkútù, Káírò àti Mẹ́kà fi lè jọ sọ̀rọ̀ láìsí ògbufọ̀. Ẹni tí ó bá lè kọ ọ́ dáadáa ti bá wọn jókòó lórí ẹní kan náà. Nípa kíkọ ọ́, Asma'u fi hàn pé ẹní náà gba obìnrin pẹ̀lú. Ohun tí púpọ̀ nínú wa máa ń yìn ín fún nìyẹn, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ó parí sí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ẹni tí ó gun àkàbà dé òkè àjà, tí ó sì fa àkàbà náà tẹ̀lé ara rẹ̀. Ẹnì kan yóò wà lókè tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ yóò sì wà níbi tí wọ́n wà.

Bẹ́ẹ̀, àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ pọ̀. Ogun ti kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ obìnrin wọ ìlú. Àwọn obìnrin àrọko wà, àwọn tí Háúsá nìkan ni wọ́n gbọ́. Kò sí ẹni tí yóò rí àyè jókòó ti ìwé Lárúbáwá fún ọdún mẹ́wàá nínú wọn. Omi ni wọ́n ń pọn, igi ni wọ́n ń ṣẹ́, ọmọ ni wọ́n ń gbé pọ̀n. Àwọn wọ̀nyí ni Asma'u kọjú sí. Ó ń fi Háúsá àti Fúlàní kéwì, ó ń fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní àjàmí. Ewì ni ó fi ṣe é nítorí pé ewì ṣeé há sórí. Ẹni tí kò ní ìwé, tí kò ní wàláà, tí kò sì ní àsìkò, ó ní etí, ó sì ní orí.

Àpẹẹrẹ kan yóò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé wa. Muhammad Bello kọ ìwé kan ní Lárúbáwá nípa àwọn obìnrin olùfọkànsìn tí ó ti wà láyé rí. Ó wá ní kí Asma'u sọ ọ́ di èdè tí àwọn obìnrin Ṣókótó gbọ́. Ní àárín ọdún 1836 sí 1837, Asma'u ṣe é. Ṣùgbọ́n kò ṣe é bí ògbufọ̀ tí ń ka ọ̀rọ̀ ní oókan-oókan. Ó dín àlàyé kù, kí ó lè ṣeé kọ lórin. Ó sì fi àwọn orúkọ tí kò sí nínú ti Bello kún un. Lẹ́yìn àwọn ìyàwó Ànábì àti àwọn obìnrin mímọ́ ilẹ̀ òkèèrè, ó to orúkọ àwọn obìnrin tí ó wà ní àdúgbò wọn gan-an tẹ̀lé e, àwọn tí ń kọ́ni ní Alùkùránì, tí wọ́n ń parí ìjà, tí wọ́n ń ṣe ìtọ́jú ẹlòmíràn. Obìnrin tí ó ń gún ọkà lódó nínú agbo ilé lè gbọ́ orúkọ ẹni tí ó mọ̀ nínú orin kan náà tí wọ́n ti dárúkọ Aisha àti Fatima. Ó ṣe kedere ẹni tí ó kọ eléyìí fún.

Kò fi mọ sórí ewì. Ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Yan Taru, ìyẹn àwọn tí ó kó ara wọn jọ. Ó yan àwọn obìnrin olórí fún un. Jaji ni oyè wọn. Àwọn jaji yìí a máa kó àwọn àgbà obìnrin àti àwọn ọmọdébìnrin láti àrọko wá sí Ṣókótó, nítorí pé àwọn abiyamọ kò lè fi ilé sílẹ̀. Wọn a gbọ́ ẹ̀kọ́, wọn a há ewì sórí, wọn a sì padà lọ kọ́ àwọn tí ó kù nílé. Ẹ̀bùn tí wọ́n bá mú wá, Asma'u a pín in fún àwọn aláìní. Ó fún jaji kọ̀ọ̀kan ní fìlà kan tí wọ́n fi koríko hun, malfa ni wọ́n ń pè é, pẹ̀lú aṣọ pupa tí wọ́n ń wé mọ́ ọn. Fìlà yìí ní ìtàn. Tẹ́lẹ̀, àmì oyè Inna ti Gobir ni, obìnrin tí ó jẹ́ olórí àwọn olùsìn bori, ẹ̀sìn ìbílẹ̀ tí Shehu àti àwọn èèyàn rẹ̀ ń bá jà. Asma'u kò jó fìlà náà níná. Ó mọ̀ pé àwọn obìnrin ti mọ̀ ọ́n ní orí ẹni tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún. Ó gbà á, ó sì fi dé orí olùkọ́.

Níbi tí ìyìn dé yìí ni mo ti fẹ́ kí á dúró díẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni mí, n kò sì gbọ́dọ̀ ṣe bí ẹni tí kò mọ ìtàn ilé bàbá rẹ̀. Ilé tí obìnrin yìí ti jáde ni asia ti wá sí Ìlọrin. Afọ̀njá tí ó ké sí àwọn jagunjagun yẹn kú sọ́wọ́ wọn. Ní àwọn ọdún tí Asma'u ń to orúkọ àwọn obìnrin rere jọ gan-an ni Ọ̀yọ́-Ilé ń tú, tí àwọn èèyàn ń gbé ẹrù sórí, tí wọ́n ń sá lọ sí ìhà gúúsù. Asma'u fúnra rẹ̀ fi ewì yin ìṣẹ́gun àwọn ará ilé rẹ̀. Ó kéwì lórí ogun Gawakuke ti ọdún 1836. Ẹrú wà nínú agbo ilé rẹ̀. Lára àwọn tí ó ń kọ́, àwọn kan wà tí ogun ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó kó wọn dé. Ẹnì kan lè sọ pé orin tí ó ń kọ́ wọn, orin ìtùnú ni lójú, orin ìgbàgbé ni nínú. Kí wọ́n lè gbàgbé ibi tí wọ́n ti wá, kí wọ́n sì fara mọ́ ibi tí wọ́n dé.

N kò rò pé ó tọ́ kí á fi ọwọ́ bo ọ̀rọ̀ yìí mọ́lẹ̀. Kò sì tọ́ kí á fi ṣe àwáwí. Àwa náà jagun, a kó ẹrú, a sì tà wọ́n. Nígbà tí wọ́n kó ọmọdékùnrin tí ó wá di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther ní Òṣogùn ní ọdún 1821, Yorùbá wà nínú àwọn tí ó kó o. Bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ tí kò kan ẹ̀jẹ̀ rí nìkan ni a ó ti gba ìmọ̀, bóyá ni a ó rí ọ̀nà tí ìmọ̀ yóò gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Ìbéèrè tí ó tọ́ ni pé, lẹ́yìn tí a ti mọ gbogbo èyí, kí ni a ó fi wọn iṣẹ́ ẹni náà?

Èrò mi ni pé ìbéèrè Kéhìndé ni kí á fi wọ̀n ọ́n. Ta ni ó kọ ọ́ fún? Fún ìjọba ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, kí ìlú lè tòrò. A kò lè sẹ́ ìyẹn. Fún ẹrúbìnrin tí ó jókòó níwájú rẹ̀ náà ni, kí ó lè mọ Ọlọ́run rẹ̀, kí ó sì mọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ níwájú Ọlọ́run yẹn. Ìdí méjèèjì wà nínú orin kan náà. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà láàárín wọn. Ẹni tí ó fi ilẹ̀ tàbí ẹṣin ta ẹlòmíràn lọ́rẹ lè gbà á padà bí inú bá bí i. Ohun tí ó ti wọ orí èèyàn kò ṣeé gbà padà mọ́. Lẹ́yìn ikú Asma'u, àbúrò rẹ̀ Maryam ń bá iṣẹ́ náà lọ. Ní ọdún 1903, àwọn òyìnbó ṣẹ́gun Ṣókótó, agbára tí ogun fi gbé ìjọba náà ró sì wó. Yan Taru kò wó. Títí di òní, àwọn obìnrin ṣì ń kó ara wọn jọ ní orúkọ rẹ̀. Nínú ohun méjì tí orin náà wà fún, èyí tí ó jẹ́ ti ìjọba ti kọjá lọ, èyí tí ó jẹ́ ti obìnrin tí ó há a sórí kò lọ.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé kì í ṣe nítorí Lárúbáwá nìkan ni obìnrin yìí fi jẹ́ aṣíwájú. Ó gba ìmọ̀ níbi tí ó ga, ó sì gbé e padà sọ̀kalẹ̀. Ó ṣe ohun tí Asma'u àkọ́kọ́ ṣe: ó gbé oúnjẹ dé ibi tí àwọn tí ebi ń pa wà.

Ohun tí ó wà ní Agége tiwa náà kò jìnnà sí èyí. Gbogbo wa mọ Markaz, ilé-ẹ̀kọ́ Lárúbáwá tí Sheikh Adam Abdullahi al-Ilori dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1952, tí ó sì kó wá sí Agége ní ọdún 1955. Kí Ọlọ́run tó pè é ní ọdún 1992, ó fi Lárúbáwá kọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé, ó sì sọ Agége di orúkọ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Lárúbáwá mọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó ń ta búrẹ́dì ní Agége kò lè ka ìwé wọ̀nyẹn. Ohun tí ó dé etí rẹ̀ nínú ìmọ̀ náà, nípa wàásù Yorùbá ni ó gbà dé, àti nípa orin. Ẹ sì wo orin tí àwọn obìnrin wa fi ń gba ìmọ̀ ẹ̀sìn láti ayébáyé. Wákà ni a ń pè é, ọ̀rọ̀ Háúsá tí ó túmọ̀ sí orin ni a sì ti yá a. Kí Batile Àlàkẹ́ àti àwọn tí ó tẹ̀lé e tó gbé e dé òde ìnáwó àti inú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin Mùsùlùmí ni ó wà, níbi tí wọ́n ti ń fi kí alálàjì káàbọ̀, tí wọ́n sì ń fi yin Ànábì. N kò sọ pé orin Asma'u ni wọ́n ń kọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọ̀nà kan náà ni: ẹni tí kò ní ìwé ń fi orin ṣe ìwé.

Wàyí o, n kò lè parí ọ̀rọ̀ yìí láìsọ ti ara mi. Èmi àti Kéhìndé jọ bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé ni. A sì jọ ń lọ sí ilé-kéú ní ìrọ̀lẹ́. Ó yára gbọ́ ẹ̀kọ́ jù mí lọ. Ìgbà tí mo ṣì ń pọ́n àwọn lẹ́tà lẹ́nu ni òun ti ń sáré ka wàláà rẹ̀. Nígbà tí ó yá, àwọn ọmọkùnrin bọ́ sórí ìwé ńláńlá, wọ́n ní kí àwọn ọmọbìnrin máa lọ ran ìyá wọn lọ́wọ́. Kò sí ẹni tí ó bínú. Bí ayé ṣe rí ni gbogbo wa rò ó sí. Ọ̀fẹ́ ni ilé-ìwé ní Èkó nígbà náà, ṣùgbọ́n oúnjẹ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ní nǹkan bí ọdún 1986, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ní ilé-ìwé gíga, Kéhìndé gba iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ aṣọ kan ní Ìkẹjà. Iṣẹ́ òru ni wọ́n sábà máa ń fún un. Bí ó bá dé ní àárọ̀, ìyẹ́ òwú a máa wà nínú irun rẹ̀ bí ẹni tí ó hewú. Owó oṣù rẹ̀ ni a fi san owó ìdánwò ìwé mẹ́wàá mi. Òun náà ni ó ra àpótí tí mo fi kó ẹrù lọ sí yunifásítì.

Ilé-iṣẹ́ náà ti kógbá sílé, bí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ aṣọ ní agbègbè yẹn ti ṣe. Kéhìndé bọ́ sórí ọjà títà. Èmi kàwé títí mo fi gba oyè ọ̀mọ̀wé. Yorùbá ni mo kọ́, Yorùbá sì ni mo fi kọ iṣẹ́ ìwádìí tí mo fi gba oyè náà. Mo máa ń fi èyí yangàn pé n kò fi èdè òyìnbó kọ ti èmi. Lọ́jọ́ kan, mo mú un fún Kéhìndé. Ó ṣí i, ó ka ojú ìwé kan, ó tún un kà, ó sì rọra pa á dé. Ó ní, "Táyé, Yorùbá ni, àbí?" Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fẹ́ mọ̀ ni. Mo rẹ́rìn-ín ní ọjọ́ náà. N kò rẹ́rìn-ín mọ́ bí mo bá rántí rẹ̀. Èdè tí èmi àti ẹ̀ mú láti inú ikùn ìyá kan náà ni mo sọ di Lárúbáwá mọ́ ọn lọ́wọ́. N kò sì ní Háúsá kankan tí mo tún un kọ sí.

Mo mọ àwíjàre tí àwa ọ̀mọ̀wé máa ń ṣe. A ní ìmọ̀ ní èdè tirẹ̀, pé kò ṣeé ṣe kí gbogbo rẹ̀ rọrùn. Òótọ́ ni. Asma'u kò kọ ìdárò Aisha ní Háúsá. Ó mọ̀ pé àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí ó jẹ́ ti àwọn ẹgbẹ́ ẹni. N kò ní kí ọ̀mọ̀wé má kọ̀wé fún ọ̀mọ̀wé. Ohun tí mo ń sọ ni pé ibẹ̀ kọ́ ni iṣẹ́ parí sí. Ẹ tún wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Asma'u fúnra rẹ̀. Ìdílé ọkọ rẹ̀ ni ó tọ́jú àwọn ìwé rẹ̀ títí wọ́n fi dé ọwọ́ Waziri Junaidu, ẹni tí ó kú ní ọdún 1997. Jean Boyd kọ ìtàn ayé rẹ̀ jáde ní ọdún 1989. Ní ọdún 1997, òun àti Beverly Mack tẹ àkójọ iṣẹ́ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ ribiribi ni wọ́n ṣe, àìsí wọn ni n kò bá fi mọ ìdajì ohun tí mo kọ síhìn-ín. Síbẹ̀, inú yàrá ìkàwé yunifásítì ni àwọn ìwé náà wà. Ẹni tí ó gbé ọ̀rọ̀ sọ̀kalẹ̀ fún obìnrin tí ó ń pọn omi, a ti tún gbé e padà sí òkè àjà. Àwa tí ó gbọ́ èdè tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ ni ó kù sí lọ́wọ́ láti gbé e wálẹ̀.

Àwọn Yorùbá kò ka Táíwò sí àgbà nítorí pé ó kọ́kọ́ rí ayé. Oníṣẹ́ ni wọ́n kà á sí. Ẹlòmíràn ni ó rán an, iṣẹ́ náà kò sì tíì pé títí yóò fi jábọ̀. Mo rò pé bí ọ̀rọ̀ gbogbo ẹni tí ó kàwé ṣe rí nìyẹn. Ẹnì kan dúró sẹ́yìn kí ó tó lè lọ síwájú. Ẹnì kan fi òru dúró ti ẹ̀rọ, ẹnì kan gbé igbá, ẹnì kan kúrò ní ìdí wàláà. Àwọn ni ó rán an. Bí ó bá dé ọ̀hún tí ó wá ń bá àwọn ará ọ̀hún nìkan sọ̀rọ̀, kò jalè, ṣùgbọ́n ó jẹ gbèsè.

Kí n tó fi àròkọ yìí sílẹ̀ fún àwọn tí yóò tẹ̀ ẹ́, mo kà á sí Kéhìndé létí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó dá mi dúró níbi méjì tí ọ̀rọ̀ kò ti yé e, mo sì tún ibẹ̀ kọ. Nígbà tí mo kà á tán, kò sọ̀rọ̀ nípa owó ìdánwò, kò sọ̀rọ̀ nípa àpótí. Fìlà yẹn ni ó gbà á lọ́kàn. Ó ní, "Fìlà abọ̀rìṣà ni ó fi dé olùkọ́ lórí? Obìnrin yẹn gbọ́n o." Lẹ́yìn náà ni ó ní agogo mẹ́wàá ni àwọn máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú, kí n wá sọ ọ́ fún àwọn yòókù, kí n má sì mú ìwé kankan dání.